Ìbọn Afẹ́fẹ́ Kò Sọ Ènìyàn Di Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè gbé e mì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìlódè, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí èmi. Ọ̀kan gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kọ́ èjìká, èkejì sì fi okùn so àparò mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn àparò náà kò tíì kú: apá rẹ̀ ti ṣẹ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Mo bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n yìnbọn sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n pọ̀ o! Àwọn yòókù sá wọgbó tọgbẹ́ tọgbẹ́." Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n máa kí àwọn ní ọdẹ. N kò kí wọn bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kí wọn bẹ́ẹ̀ láé.

Ohun tí irú wọn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìbọn, pé ohun ìṣeré ni, nítorí pé kò lo ẹ̀tù. Irọ́ ni. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Kékeré ọta rẹ̀ gan-an sì ni ìkà rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kò fẹ̀ ju mílímítà 4.5 tàbí 5.5 lọ. Bí kò bá ba ẹyẹ ní orí tàbí ní ọkàn, ẹyẹ náà yóò fò lọ, yóò sì lọ kú sí ibi tí ẹnì kankan kò ní rí i jẹ. Bí ó bá sì ṣìnà ní ẹ̀yìnkùlé, ojú ọmọ aládùúgbò ni ó lè bà.

Wọn a tún ní, "Ṣebí àwọn baba wa ń pa ẹyẹ?" Òótọ́ ni. Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, níbi tí a ti ń bọ Ògún ní Òkè Mọ̀gún nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Èmi kọ́ ni n ó bú ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọdẹ a máa sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀. Bí ẹran bá fara gbọgbẹ́, yóò tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde lórí ìjálá ní 1966, ẹ ó rí i pé ọdẹ a máa ki ẹran àti ẹyẹ bí ẹni ń ki ọba. Ẹni tí ó mọ oríkì ẹran kí ó tó pa á, òun àti ẹni tí kò mọ̀ ju iye tí ó pa lọ kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn a tọ́ka sí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣọdẹ tòlótòló igbó. Wọn kò sọ ọ́ parí. Ìbọn àti igbó pípa fẹ́rẹ̀ẹ́ run tòlótòló níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ìgbà tí wọ́n fi òfin dá àkókò ọdẹ, tí wọ́n dá iye tí ẹnì kan lè pa, tí wọ́n sì ń kó tòlótòló lọ sí àwọn igbó tí ó ti tán, ni ó tó padà pọ̀. Láti 1937 ni wọ́n ti ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta láti fi tọ́jú ẹran igbó. Àwa mú ìbọn, a fi òfin sílẹ̀!

Bí ẹnì kan bá ní ebi ni, n kò ní bá ẹni tí ebi ń pa jà. Ṣùgbọ́n owó ìbọn afẹ́fẹ́ kan yóò ra adìẹ púpọ̀.

Ẹ rántí igún. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún: bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Síbẹ̀, ní 2015, àjọ IUCN ka irú igún tí ó máa ń bà sí orí òrùlé wa mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Májèlé àti àwọn tí ń fi í ṣòògùn ni wọ́n pa á, kì í ṣe ìbọn afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ tí èèwọ̀ ń ṣọ́ bá lè dín kù tó báyìí, kí ni yóò gba àparò tí kò ní èèwọ̀ kankan?

Àwa tí a ń kọ́ èdè ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A ń pa á lówe pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Ọmọ tí kò rí àparò lórí ebè rí yóò há òwe náà sórí, kò ní mọ adùn rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tí ó ní i má yìn ín láàárín ilé, kí ó má sì yìn ín sí ẹyẹ tí ó ń kó ọmọ lẹ́yìn. Kí ẹgbẹ́ wa sì pe àgbà ọdẹ kan wá sí ìpàdé, kí ó wá sọ fún wa ohun tí ọdẹ jẹ́.

Àparò tí mo rí yẹn kú kí wọ́n tó kọjá ilé wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí n kí òun ní ọdẹ, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí àwọn yòókù kú sí hàn mí.