Alángbá Tí Inú Ń Run, Kabúrétọ̀ Tó Jọra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bá rú wa lójú la sábà máa ń pa á. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lóde ìnáwó, ẹ̀yìn rẹ̀ la tó ń gbọ́ pé gbèsè ti mù ún dọ́rùn. A ó mirí, a ó pòwe, a ó sì bá tiwa lọ. Bí a ṣe ń lò ó yìí, àfi bí ẹni pé òwe náà ń dá wa láre pé a ò mọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró lókèèrè tó ń wo alángbá ni òwe yìí ń bá wí. Ikùn ni àrùn wà, ikùn náà ló sì dojú délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò yí i padà. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó ni ìtumọ̀ yìí ti ń hàn kedere, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kabúrétọ̀.

Kò sí oko ńlá kan ní agbègbè yìí tí kabúrétọ̀ kò sí. Ó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi ń fín oògùn sí kòkó, ó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú, ó wà lára ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ó wà lára ọ̀kadà tó ń kó ẹrù oko wálé. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Afẹ́fẹ́ á gba ọ̀nà tóóró kan kọjá. Bí ọ̀nà bá ṣe fún tó ni afẹ́fẹ́ á ṣe sáré tó, eré yẹn ni yóò sì fa bẹntiróòlù yọ láti ojú ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ihò yẹn ló ń ṣòdiwọ̀n epo. Bí ó bá fẹ̀ jù, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú á máa rú, orí plọ́ọ̀gù á sì dúdú kirikiri. Bí ó bá fún jù, orí plọ́ọ̀gù á funfun, ẹ̀rọ á máa gbóná, á sì máa sín bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní bàbá àgbẹ̀ kan ti Bọ̀lọ̀rundúró wọ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

“Ọmọ mi, kabúrétọ̀ tírákítọ̀ Massey ni mo fẹ́ rà.”

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Massey wo ni?”

“Massey pupa yẹn náà ni.”

“Pupa ni gbogbo wọn, bàbá. Bẹntiróòlù ni tiyín ń mu ni, àbí dísẹ́ẹ̀lì?”

“Dísẹ́ẹ̀lì kẹ̀!”

“Ẹ má bínú, bàbá. Èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì kò ní kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù ló ní.”

Ẹ má fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín ọdún 1964 sí 1975 tí wọ́n fi ń ṣe Massey Ferguson 135, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ti bẹntiróòlù náà. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò wọ́n kò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Oríire bàbá ni pé ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó mọ ìbéèrè í bi. Ká ní ọlọ́jà mìíràn ni, “Ó máa gbé e, bàbá, ẹ mú owó wá” ni ì bá wí.

Àpẹẹrẹ tó dùn jù lọ wà lára tírákítọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí Harry Ferguson gbé jáde, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 sí 1956. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tí wọ́n ṣe. TE20 ni orúkọ ìdílé wọn, àmọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀. TE20 tí kò ní lẹ́tà mìíràn, ẹ́ńjìnnì Continental láti Amẹ́ríkà ló gbé, bẹntiróòlù ló ń mu. TEA20 ń mu bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì Standard ló gbé. TED20 ń mu epo kan tó sún mọ́ kẹrosíìnì: bẹntiróòlù ni wọ́n á fi ṣíná sí i, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, wọ́n á yí i sí epo kejì. TEF20 ni ti dísẹ́ẹ̀lì, kò sì ní kabúrétọ̀ rárá.

Ibẹ̀ gan-an ni òwe wa ti dé ojú ẹ̀. Zenith 24T-2 ni kabúrétọ̀ tó wà lára TEA àti TED. Ara kan náà, abọ́ kan náà, ihò bóòtù kan náà. Jẹ́ẹ̀tì inú wọn ló yàtọ̀, nítorí epo tí wọ́n ń mu yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé ti ọ̀kan fún èkejì, bóòtù á wọlé, ẹ̀rọ á dáhùn, inú á dùn. Ó di ìgbà tí ohun ìtúlẹ̀ bá wọ ilẹ̀ kí inú rírun tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni àwọn mẹkáníìkì ṣe ń mọ kabúrétọ̀ tó yẹ? Nọ́ńbà ni. Tú u sílẹ̀, fi bẹntiróòlù díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ ọ̀rá gíríìsì kúrò, kí o sì yí i wò yípo. Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́; àwọn mìíràn ní àwo idẹ pẹlẹbẹ tí bóòtù ọmọrí dè mọ́lẹ̀. Àwo idẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i, wọn ò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n jù sígbó. Lára tírákítọ̀ Ford àtijọ́, TSX ni ilé-iṣẹ́ Marvel-Schebler kọ sára kabúrétọ̀ tiwọn: TSX-33 ni ti 9N, TSX-241 ni ti 8N. Lẹ́tà mẹ́ta náà kò yí padà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ̀rọ̀.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ìwọ̀n ló kù. Wọn àlàfo ihò bóòtù méjèèjì, láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Wọn fífẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà: ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ àtijọ́, ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè wọ ẹ́ńjìnnì. Wo apá tí ọwọ́ ṣóòkù wà àti ibi tí páìpù epo ń gbà wọlé. Ti ẹ̀rọ ìlagẹdú tún yàtọ̀ pátápátá: kò ní abọ́ àti fulóòtù, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣòdiwọ̀n epo rẹ̀, torí pé wọ́n máa ń dà á nídàkudà lójú iṣẹ́, abọ́ ì bá sì da epo nù.

Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni kò mọ sórí irin. Àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn, aṣọ olóròóró kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà, tó ní kí o gbé ti àtijọ́ wá kí òun fi wé tuntun, ọ̀gá nìyẹn. Èyí tó bá ní “ọ̀kan náà ni gbogbo wọn”, kó owó rẹ sápò. Ẹni tó ń sọ pé gbogbo nǹkan dọ́gba ni kò tíì yí ọ̀kan wò rí, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì.

Ìmọ̀ yìí kò yẹ kó máa bá àwọn ọ̀gá àgbà lọ sọ́run. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ọ̀gbìn níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ náà wà láàárín ìlú kan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti kabúrétọ̀ tó bá a mu sílẹ̀ ní Yorùbá, kí a sì tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ìwọ àgbẹ̀ tó ń ka èyí, má dúró dè wọ́n. Ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, fọ ẹ̀rọ rẹ, ya fọ́tò nọ́ńbà kabúrétọ̀ rẹ̀ sórí fóònù, kí o tún fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ibi tí o ń gbé e sí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀, nọ́ńbà yẹn ni kó o gbé lọ sí Àkúrẹ́, má gbé àwọ̀ lọ.