Afẹ́fẹ́ ló wà nínú iyán yẹn

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ibi tí iṣu ti rí ohun tó fi tóbi, "inú ilẹ̀ ni" lẹ máa gbọ́. Èmi ò gbà o.

Ọ̀gbẹ́ni Van Helmont, ará Brussels, ti wọ̀n ọ́n wò. Ó gbin igi kan sínú 200 pọ́n-ùn yẹ̀pẹ̀, omi nìkan ló ń bu sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi tó wọn pọ́n-ùn 5 ti di 169. Yẹ̀pẹ̀ ò dín ju nǹkan bí áúńsì 2 lọ. Ó ní omi ló di igi. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó gbójú fo afẹ́fẹ́.

Àwọn ihò kéékèèké lára ewé ló ń gba carbon dioxide wọlé, èyí tí àwa ń mí síta. Agbára oòrùn ni ewé fi ń sọ òun àti omi di ṣúgà. Ṣúgà yẹn á gba inú ìtàkùn sọ̀ kalẹ̀, á di sítáàṣì nínú iṣu. Ajílẹ̀ wúlò, torí ewé tí ò rí náítírójìn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n ewé ló ń dáná. Kí ló dé tí àgbẹ̀ fi ń ri igi kí iṣu lè gùn ún? Kí ewé lè rí oòrùn ni.

Nílé ìwé, a kàn há equation yẹn sórí ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gba A nínú Biology fi ń gbin ata sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń da ajílẹ̀ sí i ṣáá, tó wá ń bínú pé kò so. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ wo ebè iṣu kẹ́ ẹ tó kọ 6CO₂ sójú pátákó.