Ojú Kan Ni Ó Yẹ Kí Lọ́ọ̀gì Àwọn Sáfà Ti Máa Pàdé

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣòro láti tọpasẹ̀ àṣìṣe, nítorí pé inú fáìlì kan náà, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní lọ́ọ̀gì, ni sáfà náà ń kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣe sí. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, tí sáfà di mẹ́rin, tí ẹ̀rọ apínṣẹ́ sì wà níwájú wọn tí ó ń yan èyí tí yóò dáhùn, lọ́ọ̀gì ti fọ́n ká nìyẹn. Sáfà kìíní lè gba oníbàárà wọlé, kí ẹ̀kẹta gba owó rẹ̀, kí àṣìṣe 500, ìyẹn àmì pé sáfà fúnra rẹ̀ kùnà, sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ń ṣí fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àbá ni ó ń dá.

Ohun tí ó tọ́ ni kí sáfà kọ̀ọ̀kan máa fi ẹ̀dà ìlà tí ó bá kọ ránṣẹ́ sí ibùdó kan lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: láti àwọn ọdún 1980 ni Eric Allman ti ṣe syslog, ètò tí a fi ń fi lọ́ọ̀gì ránṣẹ́ báyìí, ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley.

Síbẹ̀, ìkójọ nìkan kò tó. Bí aago sáfà kẹta bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì rẹ̀yìn, àbájáde yóò hàn ṣáájú ohun tí ó fà á, olùwádìí yóò sì dá ẹjọ́ fún aláìṣẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo aago fi gbọ́dọ̀ bára mu nípasẹ̀ ìlànà NTP. Ó tún yẹ kí apínṣẹ́ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí nọ́ńbà yìí sì hàn nínú gbogbo ìlà tí ó bá kan ìbéèrè náà, níbikíbi tí ó bá dé.

Àwọn kan ń ṣàwáwí pé ibùdó bẹ́ẹ̀ ń náni lówó. Òótọ́ ni, àmọ́ olè tí ó bá já wọ sáfà lè pa lọ́ọ̀gì rẹ̀ rẹ́ kí ó tó lọ, ẹ̀dà tí ó wà níbòmíràn ni yóò sì jẹ́rìí. Kìkì pé nọ́ńbà káàdì àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí oníbàárà fi ń wọlé kò gbọdọ̀ sí nínú lọ́ọ̀gì rárá, torí pé ẹni tí ó bá ja ibùdó náà lólè yóò rí ti gbogbo sáfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.