Wọ́n ní mílíọ̀nù 15 ni: Èló ló yẹ kí ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ n'Íjẹ̀bú-Ìmùṣin dá lé e?

Kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ná aṣọ lọ́jà. Bí ìyá aláṣọ bá pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, oníbàárà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lòun ní, wọ́n á jọ fà á títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti dórí ilé, pàápàá ilé àkọ́kọ́ tí tọkọtaya fẹ́ kó àwọn ọmọ wọn wọ̀, ẹnu wọn á wọhò. Iye tí ajẹ́ńtì bá pè ni wọ́n á máa yí ká, bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Ibẹ̀ sì ni owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá tù jọ ti máa ń bá omi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí owó ilé Ìjẹ̀bú-Òde ti lé dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-East. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, èèyàn lè gbé lọ́hùn-ún kó máa wá ṣiṣẹ́ níbí. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń tà nírú ìlú bẹ́ẹ̀, bàbá kan tó ń ṣòwò l'Ékòó ló kọ́ ọ, kó lè ríbi wọ̀ sí tó bá wálé ọdún. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ilé ń jò, ni wọ́n bá ní kí wọ́n tà á.

Ká ní tọkọtaya kan rí irú ilé bẹ́ẹ̀, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀. Ajẹ́ńtì ní mílíọ̀nù 15 náírà ni. Owó ọwọ́ wọn, pẹ̀lú èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ fẹ́ yá wọn, jẹ́ mílíọ̀nù 16. Wọ́n á ní owó àwọn ká a. Irọ́ ni, kò ká a.

Ẹ wo ìṣirò náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, kì í ṣe lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, iye tí wọ́n ra irú ilé bẹ́ẹ̀ tó dáa, tó sì níwèé. Iye tí wọ́n san ni kí wọ́n bèèrè, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é. Ká ní mílíọ̀nù 17 ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti oníná lọ síbẹ̀, tó bá sì ṣeé ṣe, kó jẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀. Ká ní òrùlé, kànga, ṣáláńgá àti wáyà iná máa gba mílíọ̀nù 4, kí ìwé sì gba mílíọ̀nù 1. Bí wọ́n bá yọ mílíọ̀nù 5 yẹn kúrò nínú 17, mílíọ̀nù 12 ni ilé náà tó bó ṣe wà yẹn.

Ó tún ku ti àpò wọn. Mílíọ̀nù 5 tí wọ́n máa fi tún ilé àti ìwé ṣe, inú mílíọ̀nù 16 yẹn náà ló ti máa jáde. Ó ku 11. Bí ajẹ́ńtì àti lọ́yà bá gba náírà 5 kọ̀ọ̀kan lórí ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n lè san fún onílé, kí mílíọ̀nù 1 lè jẹ́ tàwọn yẹn. Ilé tó 12, àpò gba 10. Èyí tó kéré nínú méjèèjì lòpin. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 8 ààbọ̀, kí wọ́n má sì kọjá 10, bó ti wù kí pálọ̀ yẹn dùn mọ́ ìyàwó tó.

Àwọn kan á ní ẹni tó dá 8 ààbọ̀ lé ilé mílíọ̀nù 15 ń bú onílé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, bó bá ní àlàyé. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó níwèé tó lè ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Owó ilé tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ náírà 2 ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí, máa ń yá èèyàn lówó ní èlé náírà 6 lórí ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n báńkì ò ní yá èèyàn lówó lórí ilé tí kò níwèé. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń ta ilé tí kò níwèé, àwọn tó lówó lọ́wọ́ nìkan ló lè tà á fún, wọn ò sì pọ̀. Ohun tó yẹ kí olùrà fi ṣe ẹnu nìyẹn, pẹ̀lú ìwé tí bíríkìlà fi ṣírò iṣẹ́.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀dínwó kankan ò lè wò sàn: ẹbí tí ẹnu wọn ò kò. Lọ́dún 1959, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika pé bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ọjà náà. Bó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láìsí àwọn èèyàn pàtàkì inú ẹbí, àwọn yẹn lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Lọ́dún 1962 náà, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, lórí ogún ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, bí bàbá yẹn bá ní ìyàwó mẹ́ta, kí olùrà mọ ẹni tó máa fọwọ́ síwèé láti ìdí kọ̀ọ̀kan, àtẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìdí kan bá kọ̀, kó má tìtorí pé wọ́n já a sí mílíọ̀nù 6 kówó sílẹ̀. Kí sọ́fèyọ̀ náà yẹ ìwé ilẹ̀ wò l'Ábẹ́òkúta, bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá wá jókòó, kí tọkọtaya má jẹ́ kí ajẹ́ńtì mọ iye tó wà lápò wọn, torí bí owó bá ṣe ń lọ sókè ni tiẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù sọ iye wọn, kí wọ́n fún ẹbí ní ọ̀sẹ̀ méjì láti rò ó. Bí wọ́n bá ní 12 ni àwọn ò ní gbà dín, kí wọ́n kí wọn pé ó dàbọ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Ilé tó ń jò tí ò rí ẹni rà á, bí òjò bá tún ti lù ú fún ọdún kan sí i, àwọn onílé fúnra wọn lè wá wọn wá. Bí wọn ò bá sì wá, mílíọ̀nù 16 ṣì wà níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí.