Ọpọ́n Ayò Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ẹ̀kọ́ Orin

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Olùkọ́ orin kan sọ fún mi pé eré àti ẹ̀kọ́ kò bá ara wọn tan. Ohun tí ó fà á ni pé mo béèrè ìdí tí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ fi ń jẹ pàṣán nítorí àmì kíì, ìyẹn àwọn ṣáàpù àti fúláàtì tí a ń kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin kí akọrin lè mọ ibi tí dò wà. Ó ní bí wọn kò bá kọ́ ọ sórí, wọn kò ní yege ìdánwò.

Kí ni wọ́n ń kọ́ sórí gan-an? Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan nípa bàbá kan tí ń jẹ́ Charles, tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ parí ogun! Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni F, C, G, D, A, E, B, bí àwọn ṣáàpù ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ tí ó bá gbàgbé Charles ti gbàgbé orin nìyẹn. Kò sì sí ẹni tí ó sọ ìdí tí F fi ṣáájú C fún un. (C fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ábídí wa.)

Àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú a máa kọ àmì wọ̀nyí sára páálí, wọn a ní kí àwọn ọmọ díje ẹni tí yóò kọ́kọ́ pariwo ìdáhùn. Wọ́n ní eré nìyẹn. Irọ́ ni. Àkọ́sórí náà ni, ariwo ni wọ́n fi kún un. Eré tí mo ń wí ni èyí tí ètò orin wà nínú rẹ̀.

Ó sì wà nílé wa. Ihò 12 ni ọpọ́n ayò ní. Ohùn 12 náà ni ó wà lójú dùùrù, funfun àti dúdú, kí a tó padà bá dò mìíràn. Ẹ pe ihò àkọ́kọ́ lápá òsì yín ní C, kí ẹ ka àwọn yòókù tẹ̀ lé e yípo ọpọ́n. Ẹ fi ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sí ihò 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Kíì C nìyẹn: kò ní ṣáàpù, kò ní fúláàtì. Ẹ wá sún ọmọ ayò inú ihò 6 sí ihò 7. Ẹyọ kan péré ni ẹ sún, ó sì di kíì G. F ni ó di F ṣáàpù, nítorí pé tì ti G níláti wà níbẹ̀. Ẹ sún ti ihò 1 sí ihò 2, ó di D, ṣáàpù méjì. Ẹ sún ti ihò 8 sí ihò 9, ó di A. F, C, G: ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i, kò sì sí Charles níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdíje, ó wà. Kí ẹnì kan bu ọmọ ayò méje láti C, kí ó máa jù wọ́n sí ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. G ni yóò parí sí. Kí ó tún bu méje láti ibẹ̀, yóò dé D. Kí ẹnì kejì máa fi márùn-ún ṣe tirẹ̀: F, tí ó ní fúláàtì kan, lẹ́yìn náà B fúláàtì, tí ó ní méjì. Nígbà tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, inú ihò 7 ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé. Ọ̀kan yóò pè é ní F ṣáàpù, èkejì ní G fúláàtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn!

Wọ́n ní ọmọ wa kò lè mọ̀ ọ́n bí kò bá jẹ pàṣán. Ọmọ wo? Bàbá fi ohùn kíkẹ̀ pe ọ̀rọ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́ta fi ohùn tín-ín-rín tún un pè. Dò ti yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ojoojúmọ́ ni ọmọ Yorùbá ń pààrọ̀ kíì lẹ́nu.

Mo gbà pé ìdánwò ń fẹ́ ìyára, ọpọ́n kò sì yára. Ẹ jẹ́ kí òye kọ́kọ́ dé ná. Mo ti bẹ olùkọ́ náà pé kí n gbé ọpọ́n wá sí kíláàsì rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Ó ní òun yóò rò ó wò. Oṣù mẹ́ta rèé.