Èdè wo ni ọmọ Ìkálẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìwé?

Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òndó, ni Ìgbìmọ̀ Ètò-Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe ìpàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ọdún 2025. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù náà, Mínísítà fún ètò-ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde rẹ̀ ní Àbújá fún gbogbo ayé gbọ́: láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni.

Ariwo tó tẹ̀lé ìkéde náà kò kéré, pàápàá láàrin àwọn onímọ̀ èdè. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ pa àṣà run, àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ni ayé ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kò sí nínú àríyànjiyàn náà rárá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní abúlé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa tàbí Ìgbótako, Òde-Ayé, Ìlútìtun tàbí Òde-Ìrèlè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún ní ẹsẹ̀ kan tí kì í sábà dé etí àwọn tó ń ṣe òfin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwíjàre mínísítà. Ó ní fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn agbègbè tí wọ́n lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò jọ ara wọn. Ọmọ tó ṣe ìdánwò WAEC ní 2025, bí kò bá tún kíláàsì kankan kà, ọdún 2013 ló wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ìlànà tó ní kí èdè abínibí dé kíláàsì kẹfà, òpin oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Nígbà yẹn, ọmọ tí à ń sọ yìí ti wà ní ọdún kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sì sọ ọ́ gbangba pé ìlànà náà kò lè múlẹ̀ tán àyàfi bí ìjọba bá pèsè ìwé àti olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n. Ìwé àti olùkọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ń retí títí tí wọ́n fi fagi lé e ní Àkúrẹ́.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977, tó fún èdè abínibí ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà, orí ìwé ló ti lágbára jù. Ta ni kò mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá? Tí wọ́n bá wá ní oògùn yìí kò wo àrùn, ó yẹ kí a bi wọ́n bóyá aláìsàn lò ó.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí rántí bí wọ́n ṣe wọ ilé-ìwé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí tí mínísítà rẹ̀, Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Ìwé ìbí kò wọ́pọ̀. Wọn a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, wọn a ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ òbí ti rí bí ti ọmọkùnrin nìkan ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọbìnrin pẹ̀lú. Olùkọ́ kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rárá, ẹnu ọ̀tá kò sì dákẹ́ lórí ìyẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ohun tí tísà ń wí. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, síléètì àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n kà. Gẹ̀ẹ́sì wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú wọn ni dókítà, lọ́yà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn kò sì ní àléébù.

Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kan Ìkálẹ̀ wà. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe ti ìyá ọmọ Ìkálẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́kọ́ sọ èdè yìí di kíkọ, ohùn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni wọ́n gbà jù, nígbà tí Ìkálẹ̀ wà lára ẹ̀ka ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ. Ibi tí ìwé ti kọ igbá, ugbá ni ọmọ gbọ́ nílé. Ọ̀rọ̀ bí owó, ohùn “gh” ló wà láàrin rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, kì í ṣe “w”. Nínú ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà sọ “ẹ wá” àti “wọ́n wá”. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ni yóò mọ èwo ni wọ́n ń wí. Olùkọ́ tí ìjọba bá gbé wá láti Àkókó tàbí Èkìtì, tó sì fàmì “àìmọ̀wé” sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ṣi ọmọ náà lọ́nà láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Àwọn kan lè fi èyí gbe mínísítà lẹ́sẹ̀ pé: bí èdè ìwé náà bá jẹ́ àjèjì, kí ló dé tí wọn kò kúkú ní gba Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń lò? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àjèjì ju àjèjì lọ. Láti Ìkálẹ̀ dé Yorùbá inú ìwé, bí ẹni tó wọkọ̀ ní Òkìtìpupa tó sọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń wá ra pupuru. Bí olùkọ́ bá ní sùúrù, sáà kan péré ti tó láti mú un kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, òkun ló wà láàrin.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń jà fún Yorùbá kì í fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni. Ìṣirò Yorùbá kò rọrùn fún ọmọ kékeré. Ẹ́tàdínlógún túmọ̀ sí ogún tí a yọ ẹ̀ta kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òǹkà tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó, mẹ́wàá àti méje ló jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó fẹ́ràn Yorùbá ló ń sá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá dé ìṣirò. Iṣẹ́ ni, ó fẹ́ ètò àti ìwé tí a fara balẹ̀ ṣe.

Wọ́n sì ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì kò sọnù. Wọ́n yan olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa láti máa kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ìyókù, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò parí, àwọn tó fi Yorùbá kàwé títí dé kíláàsì kẹfà ló ta yọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò nínú ìtàn Ifẹ̀ ni iye iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi pe ohun tí Yorùbá kò ní orúkọ fún. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́. Fáfúnwá di mínísítà fún ètò-ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ó sì kú ní 2010. Títí tó fi lọ, kò rí ìjọba kan tó gbé irú iṣẹ́ náà kárí ilẹ̀ Yorùbá.

Ìlú Òkìtìpupa sì tún ní ìṣòro kan tí Mọ́dákẹ́kẹ́ kò ní. Láti ayé àwọn òyìnbó ni àwọn Urhobo ti ń wá sí agbègbè náà láti kọ ọ̀pẹ kí wọ́n sì fọ epo, ọ̀pọ̀ wọn ló ti bímọ síbẹ̀. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Urhobo, ọmọ Ìjọ̀ láti Àrógbò lè jókòó sórí àga kan. Kò sí òfin tó lè pèsè èdè ìyá fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti dúró níbi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ṣeré yóò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Kì í sábà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Tanzania ti ń fi Swahili kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1967. Ghana fagi lé èdè abínibí ní 2002, ó kábàámọ̀, ó tún padà sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ti Àkúrẹ́ tó ṣẹlẹ̀, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ wọn, Haruna Iddrisu, pàṣẹ pé dandan ni kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Orílẹ̀-èdè méjì tí kò jìnnà síra wọn ló gba ọ̀nà òdì sí ara wọn láàrin oṣù kan.

Kí ni ìpinnu yìí yóò wá yí padà? Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní ìlú, kò ní yí ohunkóhun padà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní abúlé ni yóò dé, níbi tí olùkọ́ ti mọ̀ pé bí òun bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀, ojú ni àwọn ọmọ yóò máa wò. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Olùkọ́ yóò máa kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé tí aṣàyẹ̀wò yóò wò, yóò sì máa fi Yorùbá tàbí Ìkálẹ̀ ṣàlàyé nígbà tí kò bá sí àlejò. Èdè tí wọ́n bá ń sọ ní bòókẹ́lẹ́, ìjọba kò ní tẹ ìwé ìṣirò sí i, kò sì ní dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀, òun tí kò ní ẹni tí yóò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì bó bá dé ilé.

Síbẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò dè. Òfin orílẹ̀-èdè yìí fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018 tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje, ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025 pàápàá ṣì fi èdè Nàìjíríà kan sára iṣẹ́ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta.

Àkókò Yorùbá kò tíì kúrò nínú tábìlì iṣẹ́ nìyẹn. Ìwé tí wọn yóò fi kọ́ ọ ní Òkìtìpupa àti Ìrèlè, àti olùkọ́ tó mọ̀ pé ugbá kì í ṣe àṣìsọ, ni àwọn òbí Ìkálẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì àti ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kí sáà tuntun tó wọlé.