Alùpùpù tí a sọ di táǹkì epo

Ìkpinlẹ̀ kò jìnnà sí ibodè Nàìjíríà. A mọ alùpùpù Vespa tí àwọn ajórin ń gé, tí wọ́n ń jó táǹkì ńlá mọ́, kí ó lè ru epo kpayó. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kpayó wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ilé epo dọ́gba. Èrè dín kù. Ewu kò dín. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ níbi tí wọ́n kó kpayó sí ní Sèmè-Kraké, ó pa ènìyàn tó lé ní 30.

Ọ̀dà tuntun lára alùpùpù, ọ̀ṣọ́ ni. Táǹkì àjómọ́ra, iná ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwa tí a ń rà á, ẹ jẹ́ kí a rò ó.